Nígbà tí Ríídà Kan Ṣoṣo Ń Kó Ìròyìn fún Àwa Márùn-ún ní Takie

Kọ́bọ̀ àádọ́ta ni mo fi ń jẹun lójúmọ́ nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Ẹran wà nínú rẹ̀, a sì máa ń jẹ adìyẹ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ìwé ìròyìn jẹ́ kọ́bọ̀ márùn-ún, bí o kò bá sì ní kọ́bọ̀ márùn-ún, fẹ́ńdọ̀ á jẹ́ kí o dúró kà á lọ́fẹ̀ẹ́ títí oòrùn yóò fi kan àtàrí rẹ. Búrẹ́dì tí mo rà láàárọ̀ yìí ní Under G, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ẹgbẹ̀rún kan àti irínwó náírà ni, afẹ́fẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Dátà tí yóò gbé mi dé ọjọ́ Sátidé gba ẹgbẹ̀rin náírà lọ́wọ́ mi. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè káàánú mi. Ó kàn ti rẹ̀ mí ni, ẹni tó bá sì ti rẹ̀, ohun tó bá rí níwájú rẹ̀ ni yóò máa kà.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ gba yàrá nínú ilé mi, ẹ ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pé kí ni mo máa ń wò nínú fóònù mi láràárọ̀, tí kò ní àwòrán, tí kò ní fídíò, tó jẹ́ ìlà ọ̀rọ̀ ṣáá. Ọ̀kan nínú yín tiẹ̀ ní, "Dádì, ṣé ẹ ṣì ń máàkì rẹ́jísítà ni? Ẹ ti fẹ̀yìn tì o!" Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, mi ò dá yín lóhùn. Lónìí, màá dá yín lóhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdáhùn náà gùn ju ìbéèrè lọ.

Ríídà là ń pè é. Kí ayélujára tó di ohun tó ń tì yín síhìn-ín tì yín sọ́hùn-ún, gbogbo ìkànnì tó bá mọ ohun tó ń ṣe ló ní àmì kékeré kan, àwọ̀ ọsàn tó pọ́n. RSS ni wọ́n ń pe ohun tó wà nídìí àmì náà. O kàn fún ríídà rẹ ní àdírẹ́sì ìkànnì náà lẹ́ẹ̀kan, láti ọjọ́ náà lọ, ohunkóhun tí onítọ̀hún bá kọ yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá ọ. Ẹ rò ó bí ìkíni àárọ̀. Nílé bàbá mi, a máa ń yí agbo ilé ká láti ojúlé dé ojúlé, "Ẹ káàárọ̀ o, ṣé ẹ jíire?" Kí o tó yí i tán, oòrùn á ti mú. Ríídà sọ olúkúlùkù wa di baálé. Ìwọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo agbo ilé ló ń wá kí ọ. Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ tuntun á wọlé, ẹni tí kò ní kò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Kò sí ẹni tó ń ti àlejò tí o kò pè wọlé tọ̀ ọ́. Bí wọ́n ṣe dé ni wọ́n ń tò.

Inú kafé Délé ní Takie la ti mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá débẹ̀ lónìí, bàtà ọmọdé ni ẹ óò bá tí wọ́n ń tà. Nígbà náà, kọ̀ǹpútà méje ló wà níbẹ̀, márùn-ún ló ń ṣiṣẹ́. Mo ṣì ń gbọ́ ìró ibẹ̀ bí mo bá di ojú: jẹnẹrétọ̀ tó ń wúkọ́ lẹ́yìn ilé, fáànù tó ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́, àti àpótí tó máa ń gbé iná dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ bí iná bá lọ, tí í máa ké pí, pí, pí, bí òròmọdìyẹ tí kò rí ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa á sì máa sáré ka èyí tó bá kù. Láti ìta, ohùn àwọn ọmọ ọkọ̀ ń wọlé: "Ọ̀yọ́! Ọ̀yọ́ ẹnì kan! Ẹ wọlé ká gbéra!" Irọ́ ni wọ́n ń pa. Èèyàn mẹ́fà ṣì kù kí ọkọ̀ náà tó kún.

Àwa márùn-ún la ń pàdé níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Délé ni ẹnì kìíní, ọkùnrin tó kàwé jáde tí kò ríṣẹ́, tó wá fi ogún bàbá rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà. Àlàájì Gàmbó ni ẹnì kejì, oníṣòwò àlùbọ́sà ní Sábó. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Yorùbá jù mí lọ, àfi bí inú bá ń bí i ló máa ń padà sí Hausa. Màmá Nọ́ọ̀sì ni ẹnì kẹta, tó ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, tó sì máa ń kọ orin ìjọ lábẹ́ ẹnu bó bá ń kàwé. Èmi, tísà Jọ́gíráfì, ni ẹnì kẹrin. Ẹnì karùn-ún ni Píńsípà Ládìpọ̀, ọmọ Ọ̀yọ́, ọ̀rẹ́ mi láti yunifásítì. Yàrá kan náà la gbé fún ọdún méjì, ṣẹ́ẹ̀tì kan náà la sì wọ̀ lọ ya fọ́tò ìgboyè, òun wọ̀ ọ́ láàárọ̀, èmi wọ̀ ọ́ lọ́sàn-án.

Àkáǹtì kan ṣoṣo ni àwa márùn-ún ń lò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nínú yàrá àwọn tísà, ìwé ìròyìn kan làwa mẹ́wàá máa ń pín kà, ẹnì kan á mú ojú ewé eré ìdárayá, ẹnì kan á mú ti òkú. A kò rí ìdí tí ríídà kò fi ní rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì kà máa ń dúdú kirikiri. Bí ẹnì kan bá ti ṣí i, ojú ẹsẹ̀ náà ni yóò ṣá bí aṣọ tó pẹ́ lóòrùn. Ríídà kò mọ̀ pé èèyàn márùn-ún ni wá. Ó rò pé ojú kan ló ń wo òun.

Nítorí náà ni mo fi dá òfin sílẹ̀, èmi gan-an. Olúkúlùkù ní ìkànnì tirẹ̀, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ti ẹlòmíì. Tó bá di Sátidé, a ó máa ròyìn ohun tí a kà fún ara wa. Ẹni tó bá rú òfin yóò ra ẹ̀pà fún gbogbo ilé, a ó sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí Sátidé mìíràn yóò fi dé.

Àlàájì Gàmbó kọ́kọ́ dá wa lágara. Ó lọ fi ìkànnì àwọn oníṣòwò ẹ̀fọ́ òkè òkun kan kún un, tó ń tú ìlà tuntun jáde ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Bí a ṣe ṣí ríídà lọ́jọ́ kejì, nọ́ńbà tó wà lókè, èyí tó ń sọ iye tí a kò tíì kà, ti wọ ẹgbẹ̀rún.

"Àlàájì, kí lẹ kó wọlé yìí?" Délé kígbe.

"Ẹ̀fọ́ ni."

"Ẹ̀fọ́ ẹgbẹ̀rún?"

Màmá Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. "Ẹ wò ó, ó ti sọ inú kọ̀ǹpútà di Sábó!"

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, Màmá," Àlàájì ní. "Ó lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ni yóò ra àlùbọ́sà lọ́wọ́ mi."

A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Délé. Ṣùgbọ́n èmi, láti ọjọ́ náà ni nọ́ńbà yẹn ti ń dà mí láàmú. Tísà ni mí. Ìwé tí a kò tíì máàkì ló jọ lójú mi.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni àìsàn ọ̀fun mú Píńsípà. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó yè é, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò bá a padà wálé. Ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń dá ọmọ ẹgbẹ̀ta dúró lórí pápá! Ó gbé fóònù rẹ̀ fún ọmọ àbúrò rẹ̀, ó ní kí lẹni tí kò lóhùn fẹ́ fi fóònù ṣe. Kò wọkọ̀ wá sí Takie mọ́. Délé ló lọ bá a ní Ọ̀yọ́, tó ṣí búlọ́ọ̀gì fún un lórí kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ tí ọmọ rẹ̀ obìnrin rà fún un.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń kọ síbẹ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń kọ ìró kan tó ti kúrò nílùú Ọ̀yọ́ sílẹ̀. Ó kọ ìró ọ̀bẹ àwọn tó ń fín igbá lójúde baba rẹ̀. Ó kọ ìró irin rélùwéè tí wọ́n so mọ́ igi máńgòrò, tó jẹ́ aago ilé ìwé wọn. Ó kọ pátákò ẹṣin lórí ilẹ̀ gbígbẹ láàárọ̀ Iléyá, bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń dọ̀bálẹ̀ tí wọ́n á fi etí lé ilẹ̀ kí wọ́n lè kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Búlọ́ọ̀gì Píńsípà nìkan ni kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo nínú wa. Gbogbo wa la ni ín, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ ṣí i kó tó di Sátidé. Délé ni yóò kà á sókè.

"Ìró ọ̀bẹ náà ń dún ṣẹ̀rẹ̀, ṣẹ̀rẹ̀," Délé á kà.

"Kì í ṣe ṣẹ̀rẹ̀," Màmá Nọ́ọ̀sì á dá a dúró. "Ṣìrì ni. Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí ìyá mi sí, ṣé ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi?"

"Màmá, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni mo ṣe kà á o."

"Kà á dáadáa, ọmọ mi. Ohùn wọn lò ń yá lò yẹn."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń rí Píńsípà. Àbí kí n sọ pé bẹ́ẹ̀ la ṣe jáwọ́ nínú rírí i. Kó tó ní búlọ́ọ̀gì, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni mo ń lọ kí i. Nígbà tó ní i, mo ń kà á, mo sì rò pé mo ti kí i. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo mọ òwe náà, mo sì ti fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ọjọ́bọ̀ kan báyìí, wọ́n pè mí sí Ọ̀yọ́ nítorí ìwé ìfẹ̀yìntì mi. Wọ́n ní kí n dúró de ọ̀gá kan tí yóò fọwọ́ sí i. Mo wọ kafé kan nítòsí ọjà Akẹ̀sán, mo ra ìdajì wákàtí, mo ṣí ríídà wa. Nọ́ńbà òkè ti tún wọ ẹgbẹ̀rún, ẹ̀fọ́ Àlàájì. Mo ka ìkànnì tèmi díẹ̀. Ó kù ìṣẹ́jú méjì. Ó ti rẹ̀ mí, òógùn bò mí, nọ́ńbà náà sì ń wò mí bí akẹ́kọ̀ọ́ aláfojúdi. Bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀ tó ń sọ pé a ti ka gbogbo rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Gbogbo rẹ̀ ṣá lẹ́ẹ̀kan náà, ara mi sì fúyẹ́. Nígbà tí mo jáde, ọmọ ọkọ̀ ń pe, "Ògbómọ̀ṣọ́ ẹnì kan!" Ilé Píńsípà kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ ní ẹsẹ̀. Mo ní, "Màá gbọ́ ọ ní Sátidé." Mo wọkọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, kò sí lẹ́tà dúdú kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀.

"Píńsípà kò kọ nǹkan kan lọ́sẹ̀ yìí," Délé ní.

"Iná ni," Àlàájì ní. "Àbí ó ti gbàgbé wa. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, ẹ̀rín yín kì í dénú."

"Ẹ fi ará Ọ̀yọ́ sílẹ̀ o," Màmá Nọ́ọ̀sì ní.

Èmi mọ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sórí bọ́tìnnì tí mo tẹ̀. Ó yẹ kí n sọ pé, "Ẹ wo àwọn tó ti ṣá, èmi ni." Ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣòfin. Mo rí i lọ́kàn mi bí Àlàájì yóò ṣe fò sókè, bí wọn yóò ṣe máa pè mí ní arúfin títí di Sátidé mìíràn. Mo dákẹ́. Nítorí ẹ̀pà, ẹ̀yin ọmọ mi, nítorí ẹ̀rín ọjọ́ kan, mo dákẹ́. Kò sì sí ẹni tó lọ wo ojú búlọ́ọ̀gì náà fúnra rẹ̀. Ta ló ń lọ sódò nígbà tí ẹ̀rọ omi wà nínú ilé?

Sátidé kejì tún dé, kò sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo lọ sí kafé lémi nìkan, mo wo àwọn tó ti ṣá. Ó wà níbẹ̀. Ọjọ́rú, ọjọ́ kan kí n tó dé Ọ̀yọ́, ló ti kọ ọ́.

"Ẹ̀yin ará mi ní Takie," ó kọ ọ́ báyìí, "ìró tọ̀sẹ̀ yìí ni ti ilẹ̀kùn ilé mi. Ọmọ mi ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè láti kó mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Àbújá, n kò sì rò pé mo tún ń padà wá. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, màá wà níwájú ilé. Ẹ wá jẹ́ kí n rí yín. N kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́."

Mo wọkọ̀ Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ìyá kan tó ń din àkàrà lójúde wọn wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin ni ará Ògbómọ̀ṣọ́?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé ẹ̀yin ni Bàbá to àga mẹ́rin dè? Àárọ̀ ni wọ́n ti jókòó. Tí mọ́tò kan bá ti dúró, wọ́n á dìde. Mo ní, 'Bàbá, ẹ jẹun,' wọ́n mi orí. Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó jẹ́ kí n bá wọn kó àga wọlé." Ó yí àkàrà inú epo. "Ẹ pẹ́ o."

Lẹ́yìn oṣù kan, ẹnì kan mú ìròyìn wá sí Takie pé Píńsípà ti kó lọ sí Àbújá. Màmá Nọ́ọ̀sì ń tún gèlè rẹ̀ wé. Àlàájì Gàmbó fi Hausa sọ ohun tí mi ò ní túmọ̀ fún yín. "Ó lọ láì dágbére?" ó wá ní. "Fún àwa?" Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Mi ò la ẹnu mi.

Píńsípà kò kọ ohunkóhun mọ́. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn tó ni ríídà ní àwọn fẹ́ tì í. Délé dárò bí ẹni tó ṣòfò. Ó kó gbogbo àdírẹ́sì wa lọ sínú ríídà mìíràn, ṣùgbọ́n fóònù ti dé, olúkúlùkù ti ń wo tirẹ̀ lábẹ́ òrùlé rẹ̀, Sátidé wa sì tú. Gbogbo wọn ń sọ pé ó dùn wọ́n. Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín: èmi sùn dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n tì í. Mo rò pé ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí mo ní ti kú.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Níbi ìsìnkú ẹnì kan tí èmi àti Píńsípà jọ wà ní yunifásítì ni mo ti rí nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ obìnrin gbà. Mo pè é. Ó kí mi tayọ̀tayọ̀, "Ẹ kú àtijọ́, sà!" Mo ní kó gbé fóònù sétí bàbá rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí bọ́tìnnì dé orí àkàrà. Mímí nìkan ni mo ń gbọ́. Nígbà tí mo dákẹ́, mo gbọ́ bírò lórí ìwé.

"Wọ́n kọ ọ́ pé, 'Ṣé àwọn yòókù mọ̀?'" ọmọ náà kà á fún mi.

"Wọn ò mọ̀."

Bírò tún dún.

"'Sọ fún wọn. Mo ti ń bínú sí wọn láti ọjọ́ náà. Jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo ti dáwọ́ ìbínú náà dúró.'"

Mo bi í pé, "Èmi ńkọ́?"

"Wọ́n ti gbé bírò sílẹ̀, sà."

Ó yẹ kí n ti lọ sọ fún wọn lọ́jọ́ náà. Mo ní tó bá di ọ̀la. Ọ̀la di oṣù, oṣù di ọdún. Àgbà tó ń tijú máa ń rí àwáwí tó pọ̀ ju ti ọmọdé lọ. Ríídà tí ẹ ń rí nínú fóònù mi yìí, àwọn àdírẹ́sì tí Délé kó ni mo ṣì ń lò. Ìdajì wọn ti kú. Orúkọ Píńsípà ṣì wà níbẹ̀, mo sì máa ń wò ó láràárọ̀ kí n tó wo ohun mìíràn.

Ẹ bi mí pé àwọn wo ló kù nínú wa. Màmá Nọ́ọ̀sì ti kú. Ó kú kí n tó sọ fún un, ó sì kú tòun ti èrò pé ọ̀rẹ́ wa fi wá sílẹ̀ láì wẹ̀yìn. Píńsípà Ládìpọ̀ ti kú ní Àbújá. Délé wà láàyè, ó wà lókè òkun, ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ẹlòmíì. Mo sọ fún un lórí fóònù lẹ́yìn ikú Píńsípà. Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Kò tíì pè mí padà.

Àlàájì Gàmbó wà láàyè. Nígbà tí ìròyìn ikú náà kọ́kọ́ dé Sábó, "Ó dáa" nìkan ló sọ, ó sì ń ṣa àlùbọ́sà rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo lọ jókòó tì í lẹ́yìn ìrun, mo sọ fún un. Kò bú mi. Èmi ì bá fẹ́ kó bú mi.

"Tísà," ó ní, "mi ò ṣàdúà fún un o. Wọ́n ní ó kú, mo ní kò kàn mí."

Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde, orúnkún rẹ̀ ń ró. Ó kọjú sí gábàsì, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó sì gbàdúrà fún Ládìpọ̀, ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ó dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò mọ ibi tí mo lè fi ọwọ́ mi sí.

Òun wà, èmi náà wà. Àwa méjì la kù ní Ògbómọ̀ṣọ́.